Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ọ̀kadà méjì, èèyàn mẹ́ta, a fẹ́ lọ sun inú àgọ́ mọ́jú ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà

ỌmọMoore

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin fẹ́ gun ọ̀kadà láti Ifẹ̀ níbí lọ sí Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, níbi omi Olúmirin tó ń dà látorí òkè yẹn, ká sùn síbẹ̀ mọ́jú, ká padà lọ́jọ́ kejì. Sísùn tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti hòtẹ́ẹ̀lì o, inú àgọ́ ni, kámpìǹgì gidi. Oṣù Kejìlá la fojú sí, kí òjò ti lọ tán. Èmi ní Boxer, ọ̀rẹ́ mi ní TVS, àbúrò mi á jókòó sẹ́yìn ọ̀kan nínú àwa méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí nínú wa. Ohun tí mo ti kọ sílẹ̀ pé a máa dì nìyí: àgọ́, fóòmù kékeré kan, sílíńdà gáàsì kékeré, ìkòkò méjì, kúlà, bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ìrẹsì, odindi báàgì piọ́wọ́tà kan, sípíkà, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn torí iná fóònù. Ṣé ó pé àbí ó kù? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Òṣómàálò_Iléṣà

Àbúrò, ṣé ẹ ń kó kúrò nílé ni? 😂😂 Jẹnẹrétọ̀ kẹ̀! Lórí Boxer!

Ó dáa, mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ẹ gbọ́, láti Ifẹ̀ dé Ẹrin ò tó 100 kìlómítà, ẹ máa gba Òṣú kọjá, ẹ máa gba àárín Iléṣà kọjá, gbogbo ibi wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń ta nǹkan. Ohun tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ máa rí i rà lójú ọ̀nà. Piọ́wọ́tà tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ gbé láti Ifẹ̀ yẹn, 20 ló wà nínú báàgì, 50cl ọ̀kọ̀ọ̀kan, lítà 10 nìyẹn, kílò 10 gbáko. Kí lẹ fẹ́ gbé kílò 10 omi gba inú kòtò ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà fún, nígbà tí omi wà ní Ẹrin? Ẹ mú ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa mu lọ́nà, ìyókù, ẹ dé ibẹ̀ kẹ́ ẹ rà á.

Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹ yọ jẹnẹrétọ̀, ẹ yọ kúlà, ẹ yọ fóòmù, ẹ yọ sílíńdà. Páwábáǹkì méjì tẹ́ ẹ ti ṣáàjì dáadáa nílé tó fóònù mẹ́ta mọ́jú. Sípíkà yẹn náà, ta lẹ fẹ́ máa kọrin fún nílẹ̀ onílẹ̀?

ọmọ_abà

Ọ̀rọ̀ yìí ń pa mí lẹ́rìn-ín o. Àwa tá a dàgbà sí abà kòkó, tí bàbá wa máa ń jí wa láago márùn-ún ká lọ fọ́ kòkó, tá a ń sùn lórí ẹní tí ẹ̀fọn ń ṣe àríyá sí wa létí, a ò mọ̀ pé kámpìǹgì là ń ṣe. À bá ti gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó.

Ṣùgbọ́n jẹ́ n dá sí i pẹ̀lú ọgbọ́n. Bí ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí tó ní abà lọ́nà Oǹdó tàbí lọ́nà Iléṣà, ẹ lọ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣáájú, pẹ̀lú àgọ́ yín àti gbogbo ẹrù yín. Èèyàn wà níbẹ̀, omi wà, bí àgọ́ bá ya, ẹ wọlé. Ẹ máa mọ ohun tí ò ṣe pàtàkì láàárín alẹ́ kan péré. Bí kò bá sí abà, ẹ̀yìnkùlé yín náà tó.

BàbáMẹ́káníìkì

Ẹ kú ìjíròrò o. Àwọn tó ṣáájú ti sọ̀rọ̀ ẹrù àti omi, ẹ jẹ́ n sọ ti ọ̀kadà nítorí pé òun gan-an ló ń gbé yín lọ tó sì máa gbé yín bọ̀.

Ẹrù tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń gbé, kó sì súnmọ́ ìdí ẹni tó ń gùn ún. Kéríà ẹ̀yìn yẹn tẹ́ ẹ rò pé ó wà fún ẹrù, ó ti kọjá ìdí táyà ẹ̀yìn, ohunkóhun tó wúwo tẹ́ ẹ bá kó síbẹ̀, ńṣe ló máa ń gbé iwájú ọ̀kadà sókè. Ọwọ́ á wá fúyẹ́, bẹ́ ẹ bá sáré díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bẹ́ ẹ bá fún bíréèkì iwájú, táyà iwájú ò ní di ilẹ̀ mú bó ṣe yẹ. Ẹ ti rí àwọn tó ń kó kẹ́ẹ̀gì epo pupa rẹpẹtẹ, tó dà bíi pé ọwọ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà ẹ wá àpò méjì tó máa rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti ẹ̀gbẹ́ kejì, télọ̀ tó ń rán àpò máa rán an fún yín látara tàpólì, ẹ jẹ́ kí ìwúwo wọn dọ́gba. Irinṣẹ́ àti omi àti ìkòkò, inú àpò ẹ̀gbẹ́. Orí kéríà, ohun tó fúyẹ́ nìkan: àgọ́, ẹní, aṣọ òtútù.

Ẹ̀gbẹ́ tí salẹ́ńsà wà, ẹ ṣọ́ ọ o. Láílọ́ọ̀nù tàbí aṣọ tó bá kàn án máa yọ́, ó tiẹ̀ lè gbaná. Ẹ fi irin tín-ínrín kan há àárín, tàbí kẹ́ ẹ gbé àpò yẹn sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ sì jókòó lórí ọ̀kadà kẹ́ ẹ wò ó nígbà tí ẹ̀yìn bá ti wálẹ̀, torí bó ṣe rí lórí ìdúró kọ́ ló ń rí bí èèyàn bá gun orí ẹ̀.

Okùn tẹ́ ẹ máa fi dì í, tíúbù àlòkù tí wọ́n gé ló dáa jù lọ, ó ń fà, ó ń di nǹkan mú, owó táṣẹ́rẹ́ ni lọ́wọ́ fọkanáísà. Èyí tó ní ìkọ́ irin lẹ́nu yẹn, mi ò fẹ́ràn ẹ̀, bó bá já nígbà tẹ́ ẹ ń fà á, ojú ló ń lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí okùn kankan máa rọ̀ lọ sísàlẹ̀, ṣéènì máa wé e.

Táyà: ìwé tó bá ọ̀kadà wá sábà máa ń kọ ìwọ̀n atẹ́gùn méjì fún ẹ̀yìn, ti ẹni kan àti ti ẹni méjì. Ti ẹni méjì ni kẹ́ ẹ lò, àtẹni tó ń gbé ẹrù àtẹni tó ń gbé èèyàn. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà fi géèjì wọ̀n ọ́ láàárọ̀ kí táyà tó gbóná, kó má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó ní ó ti dáa. Ṣéènì: ẹ fún un nígbà tí èèyàn wà lórí ẹ̀, torí bí ẹ̀yìn bá wálẹ̀, ṣéènì á tún le sí i, bó bá le jù ó máa já tàbí kó jẹ eyín. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì bó bá ti tó àkókò, ẹ yẹ ṣúù bíréèkì wò.

Ohun tí ẹ máa mú dání fún ọ̀kadà: pọ́lọ́ọ̀gì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tíúbù iwájú àti ẹ̀yìn (ẹ ka nọ́ńbà ara táyà kẹ́ ẹ tó rà á, Boxer yín àti TVS lè má bára mu, òmíràn ń lo 17, òmíràn 18), wáyà kílọ́ọ̀ṣì, ojú ṣéènì kan, fíúùsì, pọ́ǹpù ọwọ́, gọ́ọ̀mù àti pátíìsì, irin méjì tí wọ́n fi ń ṣí táyà, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì táyà yín mu, pílíásì, àti wáyà dídì díẹ̀. Ẹ dì í pọ̀ sínú aṣọ kan kó má máa dún kọ̀ǹkọ̀ǹ.

Lọ́sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ di gbogbo ẹ̀ tán bẹ́ ẹ ṣe máa dì í gan-an, ẹ gùn ún dé Ìpetumodù kẹ́ ẹ padà. Bó bá ń gbọ̀n, ẹ tú u, kẹ́ ẹ tún un dì.

ỌmọMoore

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni, ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti yọ jẹnẹrétọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà ẹ sinmi. Ta ló yẹ kó gbé àbúrò mi? Boxer mi ló lágbára jù, mo ní kí n gbé òun àti àgọ́.

ÌyáÌbejì_Ọ̀kèsà

Ọ̀kadà tó lágbára ló ń gbé èèyàn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé èèyàn kò gbọdọ̀ tún gbé ẹrù lẹ́yìn ẹ̀. Àbúrò yín lẹ́rù yín. Kí ọ̀rẹ́ yín tó dá gùn máa gbé àgọ́ àti ẹní, kí ìwọ gbé kìkì àpò ẹ̀gbẹ́ méjì tí ò wúwo. Kí àbúrò má sì gbé àpò ńlá kọ́ ẹ̀yìn o, bí ọ̀kadà bá gun gẹ́gẹ́lẹ́ ńṣe ni àpò yẹn á máa fà á sẹ́yìn, ọrùn àti èjìká á sì máa ro ó kẹ́ ẹ tó dé Òṣú.

Màá bá àbúrò mi obìnrin sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ṣòkòtò ni kó o wọ̀, jíǹsì tó nípọn, má wọ ìró, má wọ síkáàfù gígùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, má sì jẹ́ kí ìbòrí já sẹ́yìn. Ṣéènì àti sípóòkù ò mọ obìnrin, ó máa fà á ni. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Akoto tìẹ náà, kì í ṣe pé ẹni tó ń gùn nìkan ló ní akoto tí ìwọ wá fi gèlè lọ. Mú páàdì kódà bí kò tíì yẹ kó o rí i, mú tíṣù, mú ìró kan tó o lè fi bora bó o bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ tàbí wẹ̀, mú láílọ́ọ̀nù dúdú tó o máa kó ìdọ̀tí sí. Bẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, lọ wá ìyá àgbàlagbà kan ládùúgbò yẹn, kí i, bi í pé níbo làwọn obìnrin ti ń lọ gbọnsẹ̀ lálẹ́. Òun ló máa fi ibi tó dáa hàn ọ́, ẹ̀gbọ́n ẹ ò lè mọ̀ ọ́n.

Arìnrìnàjò_Àríyá

Ẹ má bínú o, àmọ́ kí ló dé tẹ́ ò kàn sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì? Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ yìí, gbogbo wa là ń gbọ́ ìròyìn. Ẹ fẹ́ lọ pàgọ́ sínú igbó?

ỌmọẸrin

Ọmọ Ẹrin ni mí, mo fẹ́ dáhùn èyí dáadáa torí òun gan-an ni mo rò pé ẹ fi sílẹ̀ tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì àti tíúbù.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wọ igbó lọ sùn. Mi ò ní gbà kí àbúrò mi ṣe é lásìkò yìí, ì bá à jẹ́ èèyàn mẹ́wàá. Àwọn ajínigbé ti mú èèyàn lójú ọ̀nà yẹn rí, ẹ ò ní fi ẹ̀mí yín dánwò. Ṣùgbọ́n àgọ́ ò túmọ̀ sí igbó. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín, kódà ibi tó dà bí igbó lójú yín, oko ẹnìkan ni. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí: kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ wá ẹni tó mọ ẹnìkan nílùú. Nílẹ̀ Yorùbá a kì í ṣàì rí i, ọmọ kíláàsì yín, ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ẹnìkan máa lẹ́bí ní Ẹrin tàbí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Kẹ́ni yẹn bá yín béèrè àgbàlá tó ní fẹ́ǹsì tàbí tó wà láàárín ilé: ọgbà ilé ẹnìkan, ọgbà iléèwé nígbà tí àwọn ọmọ wà ní ọlidé, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀ lẹ máa pàgọ́ sí. Hòtẹ́ẹ̀lì míràn tiẹ̀ máa gbà kẹ́ ẹ pa á sínú ọgbà wọn bẹ́ ẹ bá sanwó díẹ̀, kẹ́ ẹ lo ilé ìwẹ̀ wọn, ìyẹn ni mo fọwọ́ sí jù fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bẹ́ ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ lọ kí àgbà àdúgbò. Ẹ dọ̀bálẹ̀, kí àbúrò kúnlẹ̀, ẹ sọ orúkọ yín, ọmọ ta ni yín, ibi tẹ́ ẹ ti wá, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ. Obì tàbí nǹkan kékeré lọ́wọ́ ò burú. Ẹ má rò pé àṣà àtijọ́ ni, ẹni tí wọ́n mọ̀ nílùú, gbogbo ìlú ló ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí wọn ò mọ̀ tó gun ọ̀kadà wọ̀lú pẹ̀lú ẹrù lálẹ́, àwọn ọlọ́dẹ àti Àmọ̀tẹ́kùn ló máa kọ́kọ́ bi í léèrè.

Ẹ gbéra láàárọ̀, ó pẹ́ tán aago mẹ́jọ. Ẹ rí i pé ẹ ti dé Ẹrin kí ọ̀sán tó pọ́n, kẹ́ ẹ ti pàgọ́ kí aago márùn-ún tó lù, torí lóṣù Kejìlá bí aago mẹ́fà ààbọ̀ bá ti lù ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ má gun ọ̀kadà lálẹ́ lójú ọ̀nà yẹn rárá, bó ti wù kí àtiwálé jẹ yín lógún. Ẹ fi orúkọ ibi tẹ́ ẹ máa sùn àti nọ́ńbà onílé ránṣẹ́ sí ẹni méjì ní Ifẹ̀. Nọ́ńbà 112 fún pàjáwìrì, 122 ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, fóònù lè kú.

Ní ti omi fúnra ẹ̀: ìpele méje ni Olúmirin, ti ìsàlẹ̀ ló rọrùn, bẹ́ ẹ bá ṣe ń gòkè ni àpáta ń yọ̀ sí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gùn ún, ẹ gba ọmọ ìlú kan kó mú yín lọ, kẹ́ ẹ má gùn ún pẹ̀lú sílípáàsì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi á dín kù sí ti ìgbà òjò, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, òun náà ni ọ̀nà fi gbẹ.

Arìnrìnàjò_Àríyá

Ó ye mi. Ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, mo gbà á. Ẹ ṣé o.

tẹ́ǹtì_tàbí_tàpólì

Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ àgọ́ fúnra ẹ̀. Mo ti wá àgọ́ kiri ọjà, kò wọ́pọ̀, àwọn tó ń tà á lórí ayélujára náà gbówó lé e, èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ ò sì ju kí òjò kan rọ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Èrò tèmi: tàpólì kan, okùn, àwọ̀n ẹ̀fọn ńlá kan, ẹní mẹ́ta. Ẹ na okùn láàárín igi méjì tàbí láàárín ọ̀kadà méjèèjì lórí ìdúró ńlá, ẹ fi tàpólì dà á bò, ẹ so àwọ̀n sábẹ́ ẹ̀, ẹ ki etí àwọ̀n sábẹ́ ẹní. Lóṣù Kejìlá òjò kò wọ́pọ̀, ìrì àti ọyẹ́ lẹ̀ ń sá fún.

Òṣómàálò_Iléṣà

Ẹ má so ó mọ́ ọ̀kadà o! Bí ọ̀kan bá ṣubú lóru, orí ẹni tó ń sùn ló ń bọ̀. Ẹ so ó mọ́ igi tàbí òpó. Mi ò sì gbà pé tàpólì tó fún obìnrin, àbúrò yẹn nílò ibi tó lè tì. Ẹ yá àgọ́ kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ Bọ́ìsì Bùrìgédì tàbí Síkáòtù, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti iléèwé ní in tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, kí ó sùn sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ̀yin ọkùnrin sùn sábẹ́ tàpólì.

Àti pé, ẹ má pa á sábẹ́ igi ńlá tó ti gbó tàbí abẹ́ ọ̀pẹ àti àgbọn. Ẹ̀ka gbígbẹ máa ń já láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ilẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹní, bẹ́ ẹ bá rí ìjàlọ tó ń tò lọ, ẹ kúrò níbẹ̀ kíá.

Nọ́ọ̀sì_Ìjámọ̀

Mo ń kà á bọ̀, inú mi dùn pé wọ́n dárúkọ àwọ̀n. Bó bá jẹ́ èyí tí ìjọba ń pín, tí oògùn wà lára ẹ̀, ẹ tú u síta kẹ́ ẹ sá a síbi òjìji fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó lò ó, kó má bàa máa ta yín lójú. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, alẹ́ ló ń jẹni jù, kì í ṣe ọ̀sán, nítorí náà ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn ni kẹ́ ẹ fi jókòó ní ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ ẹ bá dé ilé tán, tó di bí ọ̀sẹ̀ kejì tí ara yín ń gbóná, ẹ má sọ pé ó rẹ̀ yín torí ìrìnàjò, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ibà kẹ́ ẹ tó lo oògùn.

Àpò oògùn yín ò gbọdọ̀ pọ̀: parasitámọ̀, ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ṣu gbuuru, sáṣẹ́ẹ̀tì mélòó kan (ẹ ka ara ẹ̀ bí omi tẹ́ ẹ máa pò ó mọ́ ṣe pọ̀ tó), báńdéèjì, òwú, píláásítà, ohun tí ẹ fi ń fọ egbò, oògùn tẹ́nìkan nínú yín ń lò déédéé, bí ti áásíìmà. Egbò ojú títì ni mo máa ń rí jù lọ lára àwọn ọlọ́kadà, kì í ṣe ejò, nítorí náà ẹ mú ibọ̀wọ́ wọ̀.

Ejò sì wà, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò sí. Ẹ gbọn bàtà yín kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ láàárọ̀, àkeekèé fẹ́ràn inú ẹ̀. Ẹ má rìn lálẹ́ láìtan tọ́ọ̀ṣì. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má fi bíléèdì gbẹ́ ẹ, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má so ó pinpin. Ẹ yọ òrùka àti aago, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ kó má gbé ẹsẹ̀ yẹn rìn, kẹ́ ẹ wá mọ́tò, kì í ṣe ọ̀kadà, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley ní Iléṣà. Ẹ má lépa ejò yẹn láti pa á.

Omi: ẹ má bu omi odò mu níbikíbi láyìíká Iléṣà àti Òṣú. Àwọn tó ń wa góòlù ti gbẹ́ ọ̀pọ̀ ibẹ̀, àwọn kan nínú wọn ń fi mẹ́kúrì yọ góòlù, síse ò lè yọ mẹ́kúrì kúrò nínú omi. Kòtò wọn náà ò sì ní àmì kankan, ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà wọ igbó nítorí pé ìtọ̀ ń gbọ̀n yín.

ỌmọMoore

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ góòlù yẹn ò sí lọ́kàn mi rárá. Ẹ ṣé. Ó ku ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Bí mo bá yọ sílíńdà kúrò, kí la fẹ́ fi dáná? Mo rò pé ká ṣa igi, ká dáná igi bí ti fíìmù.

ÌyáÌbejì_Ọ̀kèsà

Ẹ má dáná rárá. Ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, oúnjẹ tútù ló ń jẹ. Ẹ máa gba Iléṣà kọjá, ẹ dúró jẹ iyán, ọmọ Ifẹ̀ tó kọjá ní Iléṣà láìjẹ iyán, mi ò mọ ohun tó ń wá kiri. Lálẹ́, ẹ ti fi ata díndín tó gbẹ dáadáa pẹ̀lú ẹja díndín sínú rọ́bà onídèérí láti ilé, ẹ fi jẹ búrẹ́dì tàbí ẹ̀kọ tẹ́ ẹ rà ní Ẹrin. Láàárọ̀, gàrí, ẹ̀pà, kúlíkúlí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tíì, ẹ mú fúláàsì, kẹ́ ẹ bẹ ìyá olóúnjẹ kó bu omi gbígbóná sí i fún yín lálẹ́, á ṣì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀. Ìrẹsì tẹ́ ẹ kọ yẹn, ẹ fi sílẹ̀ nílé.

ọmọ_abà

Mo ti ÌyáÌbejì lẹ́yìn, pàápàá iná yẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o. Ewé gbẹ, ọyẹ́ ń fẹ́, iná kékeré tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti pa, atẹ́gùn á gbé e wọ oko. Iná tó bá wọ oko kòkó, igi tó ti ń so fún ogún ọdún á jóná láàárín wákàtí kan, a sì máa ń mọ ẹni tó dá a. Ẹ ò ní lè san gbèsè yẹn tán láyé yín. Bí onílé bá ní ibi ìdáná tiẹ̀, ẹ béèrè, ẹ dá a níbẹ̀, ẹ da omi lé e lórí tí yóò fi tutù lọ́wọ́.

Èyí tó tún burú jù: bí òtútù bá mú yín, ẹ má gbé iná èédú wọ inú àgọ́. Èéfín tó ń pani níbẹ̀ ò rùn, èèyàn á kàn sùn ni, ìkan náà ni pẹ̀lú ti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń tàn sínú ilé. Bùláńkẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà, fìlà, ìbọ̀sẹ̀ méjì, ó ti tó. Ọyẹ́ ìdájí ní ẹsẹ̀ òkè yẹn ń mú o, ilẹ̀ ló sì ń mú èèyàn ju atẹ́gùn lọ, torí náà ẹ ki bébà páálí sábẹ́ ẹní.

Gbọ̀ngbọ̀n_TVS

Ẹ kú o, èmi ni ọ̀rẹ́ tó ní TVS. Ìbéèrè kékeré kan ni. Ṣé kí n ra pẹtiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan so ó mọ́ ẹ̀yìn, bó bá tán lójú ọ̀nà?

BàbáMẹ́káníìkì

Fún ìrìn yìí, rárá. Ẹ kún táńkì láti Ifẹ̀, ẹ tún fi kún un ní Iléṣà kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ọ̀nà Àkúrẹ́, ó máa gbé yín lọ gbé yín bọ̀ dé Iléṣà. Pẹtiróòlù nínú ike, nítòsí salẹ́ńsà, pẹ̀lú okùn tíúbù tó ń fún un, mi ò fẹ́ gbọ́ ẹ̀. Inú àgọ́ náà kọ́ ló ń sùn o. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ bí ẹ ṣe ń yí ríséfù, epo tó ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ táńkì, lórí TVS yín àti Boxer yẹn? Ẹ kọ́ ọ tí ẹ bá ṣì wà nílé. Kí gbogbo yín mú ìwé ọkọ̀, láísẹ̀ẹ́nsì àti ìnṣọ́ránsì, ẹ ki í sínú láílọ́ọ̀nù, kẹ́ ẹ sì mú owó kékeré lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo ibi ni POS ń ṣiṣẹ́.

Gbọ̀ngbọ̀n_TVS

Ẹ ṣé Bàbá. Ọ́ìlì ń jò díẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì mi o, níbi nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì dànù. Ṣé kí n kàn máa rọ ọ̀tun lé e?

BàbáMẹ́káníìkì

Wáṣà nọ́ọ̀tì yẹn ló ti jẹ, tàbí kẹ́ni tó pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn má fún un dáadáa. Má rọ nǹkan kankan lé e. Gbé e wá sí Sábó lọ́jọ́bọ̀ kí n tó pa ṣọ́ọ̀bù, mú ọ́ìlì tuntun lọ́wọ́, kẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ gbé Boxer yẹn wá pẹ̀lú àpò ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ rán, kí n rí bó ṣe fẹ́gbẹ̀ẹ́ sí salẹ́ńsà.